Kámẹ́rà tí a Wọ̀n fún Àpò

Àwọn àgbà a máa sọ pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ akèrègbè. Akèrègbè yìí ni mo rántí ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ mú ọ̀kan nínú àwọn kámẹ́rà pẹlẹbẹ òde òní lọ́wọ́. Bọ́tìnnì rẹ̀ kò tó èékánná mi, àtàǹpàkò mi kan ṣoṣo sì bo méjì nínú wọn mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó rẹwà, ó ń dán, ó wọ àpò ẹ̀wù bí ẹni pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi kò mọ ibi tí èmi ì bá ti dì í mú.

Ní ọdún 2002, ilé-iṣẹ́ Casio ti ilẹ̀ Jàpáánì gbé Exilim EX-S1 jáde. Gígùn àti ìbú rẹ̀ kò ju ti káàdì báńkì lọ púpọ̀, nínípọn rẹ̀ kò sì ju mìlímítà 11.3 lọ. Ọgbọ́n tí wọ́n dá ni pé wọn kò fún un ní awò tí ń yọ síta láti fa ohun tí ó jìnnà súnmọ́ni. Ní ọdún kan náà, Minolta ṣe DiMAGE X, èyí tí ó lè fa nǹkan súnmọ́ni ní ìlọ́po mẹ́ta, síbẹ̀ tí awò rẹ̀ kì í yọ síta rárá. Báwo ni èyí ṣe ṣeé ṣe? Wọ́n fi dígí onígun kan sí ẹ̀yìn ojú awò náà, kí ìmọ́lẹ̀ tí ó bá wọlé lè ṣẹ́rí, kí ó sì sọ̀ kalẹ̀ sínú ara kámẹ́rà, gẹ́gẹ́ bí omi òjò ti í yà láti etí òrùlé wọ inú ọ̀pá. Èmi kò lè ṣe kí n má yin ẹni tí ó ronú kan èyí.

Ẹjọ́ mi kì í ṣe pé ohun kékeré kò dára. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Kámẹ́rà ńlá tí ó wúwo, tí a fi sílẹ̀ nínú àpótí nílé nítorí pé a kò lè máa rù ú kiri, kò ya ẹnikẹ́ni. Ẹjọ́ mi ni pé àwọn tí ó ń ṣe wọ́n fi ìwọ̀n wọn àpò, wọ́n sì gbàgbé láti wọn ọwọ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìsọmọlórúkọ kan nílé wa, ìyá bàbá mi, tí wọn kì í gbà kí a ya àwọn, ṣàdédé ní kí a gbé ọmọ tuntun náà lé àwọn lẹ́sẹ̀, kí a sì ya àwọn méjèèjì pọ̀. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́, inú yàrá sì ṣókùnkùn díẹ̀. Mo sáré yọ kámẹ́rà pẹlẹbẹ mi, mo fi ọwọ́ kan nà án síwájú, mo tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí a wò ó, ìka mi ni ó gba ìdajì àwòrán náà. Ìdajì kejì, níbi tí ojú Ìyá wà, rí bàìbàì. Mo bẹ̀ wọ́n títí. Wọ́n ní ẹ̀ẹ̀kan ni àwọn wí.

Mo gbà pé ọwọ́ mi ni ó ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ìdí rẹ̀. Igun òkè ni a sábà máa ń fi awò irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀ sí, ibẹ̀ gan-an sì ni ìka ọwọ́ òsì ń wá ibi ìsinmi sí. Awò tí ó kéré kì í gba ìmọ́lẹ̀ púpọ̀, nítorí náà, bí ibi tí a wà bá ṣókùnkùn, kámẹ́rà ní láti la ojú rẹ̀ pẹ́ kí ó tó rí àwòrán mú. Bí ọwọ́ bá sì gbọ̀n láàárín ìgbà náà, àwòrán bàjẹ́. Ohun tí ó fúyẹ́ ni ó sì tètè ń gbọ̀n. Àní fíláàṣì pàápàá kò bọ́ nínú ọ̀ràn náà: nítorí pé ó fara mọ́ awò pẹ́kípẹ́kí, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ a wọ inú ẹyinjú lọ kan ibi tí ẹ̀jẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, a sì padà tààrà, tí ojú ènìyàn yóò fi pọ́n bí ojú iwin.

Ẹnìkan lè ní ọ̀rọ̀ àná ni mo ń sọ, nítorí pé tẹlifóònù alágbèéká ti gba iṣẹ́ náà, Casio pàápàá sì ti dẹ́kun ṣíṣe kámẹ́rà kékeré láti ọdún 2018. Ṣùgbọ́n tẹlifóònù náà pẹlẹbẹ, ó sì ń yọ̀ lọ́wọ́ jù wọ́n lọ. Àwọn ọ̀dọ́ mìíràn sì tún ti bẹ̀rẹ̀ sí wá àwọn kámẹ́rà àtijọ́ wọ̀nyí kiri láti rà. Kí ẹni tí ó bá rí ọ̀kan rà fi ọwọ́ méjèèjì mú un, kí ó fún ìgúnpá mọ́ ìhà, kí ó sì ká àwọn ìka tí kò níṣẹ́ kúrò níwájú. Kí ó tẹ bọ́tìnnì dé ìdajì ná, títí kámẹ́rà yóò fi rí ohun tí ó ń wò kedere, kí ó tó tẹ̀ ẹ́ délẹ̀. Bí ògiri bá wà nítòsí, kí ó fara tì í.

Ní ti èmi, mo so okùn mọ́ tèmi kí ó má baà já bọ́, mo sì lẹ rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan mọ́ ọn níwájú, níbi tí ìka yẹ kí ó wà. Ó nípọn díẹ̀ sí i ju bí wọ́n ti ṣe é lọ. Ó ṣì ń wọ àpò.