Kí ló dé tí àgbàlagbà ṣì ń wo kàtúùnù ìgbà èwe wọn, ta ló sì ń jèrè rẹ̀?

Bí orin tó máa ń ṣáájú kàtúùnù Voltron bá dún lórí fóònù lónìí, ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà tó ti lé ní ẹni ogójì ọdún ló máa dá a mọ̀ kó tó parí. Bẹ́ẹ̀ náà ni SuperTed àti Tom and Jerry. Àwọn ọmọ ìgbà náà ti di òbí, síbẹ̀ wọ́n ṣì ń wá àwọn eré náà wò lórí YouTube.

Lójú àwọn kan, ìwà ọmọdé ni. Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé owó ńlá wà nídìí rẹ̀, ó sì kan irú ìrántí tí àwọn ọmọ Áfíríkà òde òní yóò gbé dàgbà.

Àwọn ọmọ tó jọ wo ohun kan náà

Títí di ọdún 1992 tí òfin fàyè gba àwọn aládàáni, ìjọba nìkan ló ní ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ní Nàìjíríà. Ìrọ̀lẹ́ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń ṣí, àsìkò díẹ̀ ni wọ́n sì máa ń yà sọ́tọ̀ fún àwọn ọmọdé kí ìròyìn tó bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ tí kò bá ní tẹlifíṣọ̀n nílé a lọ dúró lójú fèrèsé aládùúgbò. Bí NEPA bá mú iná lọ, ó parí nìyẹn, kò sí bí èèyàn ṣe lè padà wò ó.

Èyí ló mú kí kàtúùnù di ohun àjọní. Ọmọ tó dàgbà ní Kano àti èyí tó dàgbà ní Enugu lè má gbọ́ èdè ara wọn, àmọ́ àwọn méjèèjì mọ Voltron. Nítorí náà, kì í ṣe eré yìí nìkan ni àárò rẹ̀ ń sọ àgbàlagbà. Àárò ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà àti àwọn tí wọ́n jọ jókòó wò ó ń sọ wọ́n pẹ̀lú.

Àárò ti di ọjà

Àwọn ilé iṣẹ́ eré mọ èyí dáadáa. Disney ṣe The Lion King lọ́dún 1994, wọ́n tún un ṣe lọ́dún 2019, ó sì pa owó tó lé ní bílíọ̀nù 1.6 dọ́là. Wizkid, Burna Boy, Tiwa Savage àti Yemi Alade wà nínú àwo orin tí Beyoncé ṣe láti bá fíìmù náà rìn.

Netflix tún Voltron gbé dìde lọ́dún 2016. Lọ́dún 2024, Disney mú X-Men '97 jáde, tó bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí kàtúùnù àtijọ́ parí sí lọ́dún 1997. Òbí ń sanwó nítorí ohun tó rántí, ó sì ń fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ wá.

Láwọn orílẹ̀-èdè tó ń sọ Faransé, Kirikou ni ọ̀pọ̀ ń rántí. Ọdún 1998 ni fíìmù ọmọ kékeré tó kojú àjẹ́ Karaba yìí jáde. Abúlé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni ìtàn náà ti wáyé, Youssou N'Dour ọmọ Senegal ló sì ṣe orin rẹ̀. Àmọ́ Michel Ocelot, ọmọ Faransé tó lo ìgbà èwe rẹ̀ ní Guinea, ló ṣe é, owó Yúróòpù ni wọ́n sì fi ṣe é.

Ta ni yóò ni ìrántí àwọn ọmọ òde òní?

Nǹkan ti ń yí padà. Supa Team 4, tí Malenga Mulendema ọmọ Zambia dá sílẹ̀, dé orí Netflix lọ́dún 2023. Ní oṣù Kejì ọdún 2024 ni Iwájú, tí ilé iṣẹ́ Kugali bá Disney ṣe nípa Èkó ọjọ́ iwájú, jáde. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, Cartoon Network ní Amẹ́ríkà gbé Iyanu jáde, láti inú ìwé aláwòrán Roye Okupe tó dá lórí àṣà Yorùbá.

Ibi tí ìṣòro wà ni pé nígbà tí Iwájú jáde, Disney+ kò sí ní Nàìjíríà. Àwọn ọmọ Èkó ní láti dúró kí ó tó dé orí Disney Channel, èyí tí òbí gbọ́dọ̀ san owó oṣooṣù kí wọ́n tó lè rí i.

Ọ̀fẹ́ ni Voltron wọlé. Ọ̀pá eríà tí wọ́n rì mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilé ti tó. Kàtúùnù òkèèrè ráyè wọ ọkàn àwọn ọmọ nítorí pé kò ná wọn ní kọ́bọ̀, nígbà tí èyí tó sọ ìtàn tiwọn wà lẹ́yìn owó dátà àti owó tẹlifíṣọ̀n.

Àwọn Yorùbá ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bí àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tí gbogbo ènìyàn ń wò lọ́fẹ̀ẹ́ kò bá ra àwọn eré wọ̀nyí, kí wọ́n sì gbé wọn sáfẹ́fẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ tí àwọn ọmọ wà nílé, àwọn ọmọ náà yóò ṣì ní ohun tí wọ́n máa rántí ní ogún ọdún sí i. Òkèèrè náà ni wọn yóò sì máa sanwó rẹ̀ sí.