Ilé Ni A Ti Ń Kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde: Òwe Kan àti Ọ̀ṣọ́ Ọdún ní Súrùlérè, Yàbá àti Mùṣín

Nígbà tí àwọn àgbà bá pa á lówe pé "Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde", ìwà ọmọ ni wọ́n sábà máa ń fi í bá wí, nítorí ọmọ tí kò kí àgbà nílé kò lè ṣàdédé mọ bí a ti ń kí àgbà ní ìta. Ìtumọ̀ yìí tọ̀nà, ṣùgbọ́n ó ti gbilẹ̀ débi pé àwọn ènìyàn kì í fẹ́ẹ́ rántí ohun tí òwe náà ń wí ní ṣàkó: pé ẹ̀ṣọ́, ìyẹn ohun tí a fi ń ṣe ara tàbí ibùgbé lọ́ṣọ̀ọ́, gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wà nínú ilé kí ojú ìta tó rí i. Ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nígbà ọdún ní Súrùlérè, Yàbá àti Mùṣín mú kí ó yẹ láti padà sí ìtumọ̀ ṣàkó yìí.

Bí oṣù Kejìlá bá ti wọlé, àwọn tí ń ta ọjà ọdún a tẹ́ igbá wọn sí ẹ̀gbẹ́ títì ní Tejúoṣó ní Yàbá àti ní Ojúwòyè ní Mùṣín, wọn a máa ta iná wẹ́wẹ́ tí ń ṣẹ́jú, bébà dídán, fìlà pupa Bàbá Kérésì àti igi Kérésì oníke tí wọ́n ká sínú páálí. Igi yìí ti rìn jìnnà, nítorí ilẹ̀ Jámánì ni àṣà rẹ̀ ti wá, àwòrán ìdílé Ọbabìnrin Victoria tí ìwé ìròyìn kan gbé jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1848 ni ó sì sọ ọ́ di àṣà gbogboògbò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọdún 13 kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó gba Èkó. Àwọn mìíràn a tilẹ̀ tẹ́ òwú sórí ẹ̀ka rẹ̀ kí ó lè dà bí òjò dídì, ṣùgbọ́n eruku ni ọyẹ́ ń gbé bọ̀ láti Àríwá, kì í ṣe òjò dídì, kí ọdún tuntun sì tó dé, òwú funfun náà á ti di aláwọ̀ eérú. Ẹ̀rín lè pa ènìyàn níbẹ̀, àmọ́ kì í ṣe pé igi náà jẹ́ àjèjì ni ẹ̀bi rẹ̀. Àwọn Àgùdà tí wọ́n padà dé láti Brazil ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni wọ́n kó iṣẹ́ ọnà ara ògiri wọn wọ Èkó, kò sì sí ẹni tí ń pe iyẹn ní àjèjì mọ́ lónìí.

Ẹ̀bi náà wà níbi tí wọ́n gbé ọ̀ṣọ́ ọdún sí. Ní ọ̀pọ̀ ilé kọjú-sí-mi-kí-n-kọjú-sí-ọ, èyí tí yàrá rẹ̀ tò ní apá méjì pẹ̀lú ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ṣoṣo láàárín, iná ọdún a máa tàn lára irin iwájú ilé tí gbogbo àdúgbò ń wò, nígbà tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà ṣókùnkùn biribiri nítorí pé kò sí ayálégbé tí ó gbà pé òun ni ó kàn láti ra gílóòbù, tí ọ̀rá píọ́ wọ́tà sì dí gọ́tà ẹ̀yìn ilé. Ní ayé àtijọ́, agbo ilé ni òwe yìí ń pè ní ilé, baálé ibẹ̀ sì ni ó ń pàṣẹ pé kí wọ́n gbálẹ̀. Láti ọdún 1955 ni ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ sí í wó àwọn ilé ní Ìsàlẹ̀ Èkó, tí wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ ìdílé lọ sí Súrùlérè. Irú ìṣípòpadà bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú ogunlọ́gọ̀ àlejò tí wọ́n wá ṣiṣẹ́ ní Èkó, ni ó sọ agbo ilé di ilé ayálégbé, níbi tí olúkúlùkù ti ń ṣe ọ̀ṣọ́ tirẹ̀ tí ohun àjùmọ̀ní kò sì ní olùtọ́jú.

Ọdún ìbílẹ̀ kì í gba irú ìyẹn láàyè. Kí ọdún òrìṣà tó dé, wọn a ro àyíká ojúbọ, wọn a tún ilẹ̀ àti ògiri pa, lẹ́yìn náà ni wọn yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ so màrìwò, ọ̀dọ́ ewé ọ̀pẹ tí wọ́n ya wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, mọ́ ẹnu ọ̀nà. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fún àwọn òṣìṣẹ́ ní ìsinmi ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe ní ọdún 2023, ṣùgbọ́n ìsinmi nìkan ni ó dé ọ̀pọ̀ ilé, ìgbálẹ̀ tí ó máa ń ṣáájú ọdún kò bá a dé. Àwọn ìdílé Mùsùlùmí tí wọ́n ń fọ aṣọ fèrèsé, tí wọ́n sì ń fọ àgbàlá kí Iléyá tó dé, ṣì ń tẹ̀ lé ètò náà. Bẹ́ẹ̀ náà ni imọ̀ ọ̀pẹ tí àwọn Kristẹni ń mú bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ Àìkú Ọ̀pẹ: wọn a hun ún ní àgbélébùú, wọn a fi há òkè ilẹ̀kùn, yóò sì gbẹ síbẹ̀ títí di ọdún kejì, nígbà tí àwọn ìjọ kan yóò gbà á padà, tí wọn yóò sì sun ún di eérú Ọjọ́rú Eléérú. Kò gba owó iná, kò sì gba bẹntiróòlù, èyí tí ìjọba àpapọ̀ yọ owó ìrànwọ́ orí rẹ̀ ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí jálá kan fi fò láti nǹkan bíi ₦190 kọjá ₦480 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Iná wẹ́wẹ́ tí ó gbára lé jẹnẹrétọ̀ á kú bí epo bá ti tán.

Láti àárín ẹ̀wádún 1980 ni òfin ti ń fi dandan lé e pé kí gbogbo ará Èkó jókòó sílé ní òwúrọ̀ Sátidé tí ó gbẹ̀yìn oṣù láti tún àyíká wọn ṣe, kí ìjọba ìpínlẹ̀ náà tó fòpin sí i ní oṣù Kọkànlá ọdún 2016. Lẹ́yìn náà, ọdún ni ó wá ń mú kí ọ̀pọ̀ àgbàlá rí ìgbálẹ̀ gidi, ìdí sì nìyí tí ọ̀ṣọ́ ọdún fi tó ohun tí à ń fi òwe yẹ̀ wò. Ní Mùṣín àti Súrùlérè, ọ̀pọ̀ àdúgbò ni ó ń dáwó fún àríyá òpin ọdún, tí wọ́n ń ta àsíá oníke kọjá títì, tí wọ́n sì ń gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn kalẹ̀. Kí àwọn tí ń gba owó náà, onílé àti ayálégbé, kọ́kọ́ yọ nínú rẹ̀ láti fi kó gọ́tà, kí wọ́n fi ra gílóòbù sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì fi ìyókù ra àsíá.