Òkúta Tó Ń Dán Bí Òṣùmàrè: Níbo Ni Ilé Rẹ̀?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ ra ìlẹ̀kẹ̀ fún àbúrò mi tó fẹ́ ṣègbéyàwó, ní Ìsàlẹ̀ Èkó, nítòsí ọjà Jáńkárà. Màmá tó ń tajà ṣí àpótí kékeré kan, ó ní, "Kọ́sítọ́mà mi, wá wo èyí. Ìgbín tó di òkúta ni. Àwọn òyìnbó ń jìjàdù rẹ̀." Mo gbà á sọ́wọ́. Haa! Bí mo ṣe ń yí i ni àwọ̀ rẹ̀ ń yí padà: pupa, àwọ̀ ewé, búlúù.

Mo ní, "Mọ́mì, níbo ni wọ́n ti wà á jáde?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, ṣé ibi tó ti wá lo fẹ́ fi sọ́rùn ni?"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n èrò tèmi ni pé ibi tí irú òkúta yẹn ti wá ṣe pàtàkì ju dídán rẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé.

Àkọ́kọ́ ná, kì í ṣe ìgbín. Ammonite ni, ẹranko inú òkun tó jẹ́ ìbátan squid àti octopus. Ìkarahun rẹ̀ pín sí yàrá yàrá. Yàrá tó kẹ́yìn ló ń gbé, àwọn tó kù ló ń jẹ́ kó léfòó. Nǹkan bí ọdún mílíọ̀nù 66 sẹ́yìn ni wọ́n parun, àsìkò kan náà tí àwọn dáínásọ̀ parun.

Dídán ńkọ́? Ẹ rántí omi tó máa ń dúró lójú títì Ìdúmọ̀tà lẹ́yìn òjò, tí epo mọ́tò ti kán sí. Ṣé ẹ ti rí òṣùmàrè nínú rẹ̀ rí? Epo yẹn kò ní àwọ̀ kankan bẹ́ẹ̀ lára. Ìmọ́lẹ̀ kan ta padà láti ojú epo, òmíràn ta padà láti ìsàlẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí méjèèjì pàdé, àwọ̀ kan lágbára sí i, òmíràn parẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìkarahun ammonite ṣe rí. Aragonite ni wọ́n fi mọ ọ́n, ní ìpele lórí ìpele, ìpele kọ̀ọ̀kan kò sì nípọn tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún irun orí yín.

Àmọ́ aragonite kì í sábà pẹ́. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ó lè yí padà di calcite, tàbí kí omi yọ́ ọ dànù. Níbi tí ẹrẹ̀ bá ti bò ó dáadáa nìkan ni dídán rẹ̀ máa ń kù, bíi Alberta ní Kánádà àti agbègbè Mahajanga ní Madagásíkà. Alberta tiẹ̀ sọ ọ́ di òkúta iyebíye ìpínlẹ̀ wọn lọ́dún 2004, ẹ ò sì lè gbé e jáde níbẹ̀ láìgba ìwé àṣẹ ìjọba.

Tiwa ńkọ́? Òkúta ẹfun Ewékoro, tí wọ́n ti ń fi ṣe sìmẹ́ńtì láti 1960, kún fún òkú ẹ̀dá inú òkun, ṣùgbọ́n ammonite ti parun kí òkúta yẹn tó dúró. Ẹ gba ìhà odò Bẹ́núé lọ: Ashaka ní Gombe, Ezillo ní Ebonyi. Ammonite wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í dán. Ẹrẹ̀ tó dì sínú ìkarahun ló kù, eérú eérú báyìí. Kò sí òyìnbó tó máa jìjàdù rẹ̀. Ní Ashaka, òkúta ẹfun tí wọ́n ń lọ̀ ṣe sìmẹ́ńtì gan-an ni wọ́n wà nínú rẹ̀.

Síbẹ̀, àwọn aláìdán yìí ló jẹ́rìí pé òkun la Nàìjíríà kọjá ní nǹkan bí ọdún mílíọ̀nù 94 sẹ́yìn. Irú ammonite tó wà níbí wà ní orílẹ̀-èdè Niger, ó sì wà ní Algeria. Ẹranko òkun kì í fẹsẹ̀ rìn lórí ilẹ̀, àbí? Lọ́dún 1955, Richard Reyment kọ odidi ìwé lórí ammonite gúúsù Nàìjíríà. Ẹ wo orúkọ tí wọ́n sọ àwọn kan nínú wọn: Benueites, Gombeoceras. Àwọn àgbà kúkú ti wí i: ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ.

Ìdí nìyí tí ìbéèrè mi kì í ṣe àṣejù. Òkúta tí a kò mọ ibi tó ti wá, tí a kò mọ ìpele ilẹ̀ tí wọ́n ti hú u, ti di ọmọ tí kò nílé. Ó lè rẹwà lọ́rùn, ṣùgbọ́n kò ní ìtàn kankan láti sọ fún wa mọ́. Ẹnìkan lè ní ká ìbáà má rà á, òjò ló máa ba púpọ̀ nínú wọn jẹ́ nínú ilẹ̀. Òótọ́ ni, mi ò bá òwò jà. Màmá náà gbọ́dọ̀ jẹun. Ohun tí mò ń sọ ni pé kí ẹni tó ń hú u kọ ibi tó ti hú u sílẹ̀, kí ẹni tó ń rà á sì béèrè.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa lọ ṣe agùnbánirọ̀ ní Gombe tàbí Ebonyi, bí ẹ bá rí òkúta tó ká kóńkó bíi kàràhún ìgbín, ẹ má tíì gbé e. Ẹ yà á ní fọ́tò níbi tó wà, ẹ kọ orúkọ abúlé náà sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí fóònù yín gba ojúlé ibẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi han ẹ̀ka geology ní yunifásítì tó bá sún mọ́ yín.

Mi ò ra òkúta màmá o, ìlẹ̀kẹ̀ ni mo rà. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń lọ, ó pè mí padà: "Ọmọ mi, màá bi ẹni tó tà á fún mi." Ìyẹn náà tó mi.