Ògiri Tí Ń Làágùn

Nínú oṣù keje tí ó kọjá ni akọ̀wé yín lọ ra ọjà ní Bìní, ó sì yà sí Upper Sakponba láti kí arákùnrin wa kan tí púpọ̀ nínú yín mọ̀. Ogbọ̀n ọdún ni ó fi ṣòwò ní Kánò kí ó tó kó lọ síbẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni ìlú ìyàwó rẹ̀. Láti Kánò níhìn-ín ni ó ti ń fi owó ránṣẹ́ tí wọ́n fi kọ́ ilé náà.

Nígbà tí a wọ yàrá, mo rò pé ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ da omi sí ara ògiri ni. Ó tutù láti ilẹ̀ títí dé ìbàdí ènìyàn, ọ̀dà ti wú, ó ń bọ́, nǹkan funfun bí iyọ̀ sì ń yọ lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù ti bu, ó dúdú. Aṣọ òkè tí ìyàwó rẹ̀ fi ṣe ìgbéyàwó ti bàjẹ́ nínú àpótí. Èyí tí ó dùn mí jù ni ọmọ-ọmọ wọn tí ń wúkọ́ ní gbogbo òru.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n ti kun ògiri náà. Ẹnì kan tilẹ̀ ti sọ fún wọn pé iṣẹ́ ọ̀tá ni. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Omi ni, ó sì ní ọ̀nà méjì tí ó gbà wọlé.

Ọ̀nà kìíní ni ilẹ̀. Búlọ́ọ̀kù a máa fa omi bí òwú àtùpà ti ń fa epo. Òjò tí ń rọ̀ ní Bìní lọ́dún lé ní 2,000 mìlímítà. Ti Kánò kò tó bẹ́ẹ̀ rárá. Síbẹ̀, bíríkìlà tí ó kọ́ ilé náà to búlọ́ọ̀kù láti inú ilẹ̀ lọ sókè láìtẹ́ ọ̀rá kankan sí àárín ìpìlẹ̀ àti ògiri. Ojú ilẹ̀ yàrá kò ga ju ti òde lọ. Nígbà tí wọ́n wá da yẹ̀pẹ̀ sí títì, àgbàlá di àwo, gbogbo omi àdúgbò sì ń bọ̀ wá sínú rẹ̀. Bí ẹ bá ń kọ́lé, ẹ jẹ́ kí ojú ilẹ̀ yàrá ga ju òde lọ ní ẹsẹ̀ bàtà kan, ó kéré tán. Kí wọ́n tẹ́ ọ̀rá tí ó nípọn sábẹ́ kọnkéré, kí wọ́n sì tẹ́ ẹ la gbogbo ìbú ògiri já kí wọ́n tó to búlọ́ọ̀kù lé e. Owó ọ̀rá náà kò tó owó ọ̀dà ẹ̀ẹ̀kan. Ẹni tí ilé rẹ̀ ti dúró, kí ó la gọ́tà yí i ká, kí ó jẹ́ kí ilẹ̀ rọ sí ìta. Kí ó ha sìmẹ́ńtì tí a fi rẹ́ ògiri kúrò kọjá ibi tí ó tutù, kí ó sì jẹ́ kí ẹ̀ẹ̀rùn gbẹ ẹ́ kí ó tó tún un rẹ́. Ọ̀dà kò wo ògiri sàn.

Ọ̀nà kejì ni èyí tí púpọ̀ kò mọ̀. Ẹ gbé ife omi yìnyín kalẹ̀ ní ọ̀sán, ara rẹ̀ yóò làágùn. Ife kò jò. Omi tí ó wà nínú afẹ́fẹ́ ni ó bá ohun tútù pàdé, tí ó sì di ìrì. Bẹ́ẹ̀ náà ni páànù tí kò ní àjà ṣe máa ń kán sí wa lórí ní ìdájí láìsí òjò. Ènìyàn mẹ́fà ni ó ń sùn nínú yàrá náà, èémí wọn wà níbẹ̀, aṣọ tútù wà lórí okùn, sítóòfù sì wà ní ẹnu ọ̀nà. Lítà kẹrosíìnì kan tí ó bá jó tán a máa tú omi tí ó tó lítà kan sínú afẹ́fẹ́. Wọ́n sì ti fi páálí dí fèrèsé nítorí ẹ̀fọn àti olè! Ibo ni kí omi náà gbà jáde?

Bí ẹ bá fẹ́ mọ èyí tí ń ṣe yín, ẹ lẹ ọ̀rá pélébé mọ́ ògiri yíká-yíká fún ọjọ́ méjì. Bí ìrì bá wà lójú rẹ̀ tí ó kọ sí yàrá, afẹ́fẹ́ ni. Bí ó bá tutù lẹ́yìn, inú ògiri ni omi ti ń bọ̀. Ti afẹ́fẹ́ rọrùn: ẹ fi nẹ́ẹ̀tì sí fèrèsé, ẹ ṣí méjì tí ó kọjú sí ara wọn láràárọ̀, ẹ dáná sí ìta, kí ẹ sì sún kọ́bọ́ọ̀dù kúrò lára ògiri. Ọ̀rọ̀ ikọ́ ọmọ náà kì í ṣe àsọdùn. Ní 2009, Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ ọ́ jáde pé ikọ́ àti ikọ́ fée pọ̀ lára àwọn tí ń gbé ilé tí ó ní ọ̀rinrin.

Ojú a máa tì mí bí mo bá rántí pé ní ojú ọ̀nà Sakponba kan náà ni ilé Ògíámíẹ̀n wà, tí a fi amọ̀ mọ. Iná tí ó jó Bìní ní 1897 kò jó o, ìjọba sì sọ ọ́ di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1959. Ògiri rẹ̀ nípọn, òrùlé bo orí rẹ̀, omi òjò tí ó bọ́ sí àgbàlá inú sì ní ojú ihò tí ó ń gbà jáde. Bẹ́ẹ̀ náà ni agbo ilé àwọn bàbá wa. Àwọn wa kan wá ń fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ilé amọ̀ kí ó lè dán, omi a sì há sínú rẹ̀.

Òkè Ọya ti tàn wá jẹ. Ọyẹ́ ń gbẹ gbogbo nǹkan fún wa, nítorí náà a ń kọ́ ilé sí gúúsù bí ẹni pé Kánò ni, a ń tì í pa, ó di Iléyá tàbí Kérésì kí a tó ṣí i. Ẹ fi ẹbí kan sínú rẹ̀, bí kò tilẹ̀ san kọ́bọ̀. Àwọn onílé wa tí ń kun ògiri tútù kí ayálégbé tuntun tó dé náà wà, wọ́n mọ ara wọn.

A ti fi í sínú ìwé ìpàdé tí ń bọ̀ pé ẹnikẹ́ni tí ó bá ń lọ sílé kí ó yà wo ìpìlẹ̀ ará wa tí ń kọ́lé nítòsí, kí ó sì ya àwòrán rẹ̀ kí wọ́n tó to búlọ́ọ̀kù. Àwọn bíríkìlà méjì tí ó wà láàárín wa yóò mú ọ̀rá wá láti fi hàn wá bí a ti ń tẹ́ ẹ. Arákùnrin wa ní Upper Sakponba ti bẹ̀rẹ̀ sí í ha ògiri, ó ń retí oṣù kejìlá kí ó tó tún un rẹ́. Wọ́n ti gbé ọmọ náà lọ sí yàrá iwájú, níbi tí fèrèsé méjì wà.