Kò tíì fò, ó ti ń pawó

Adìyẹ ni Fred àti Harold Panton ń sìn ní East Kirkby, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1983, wọ́n ra Lancaster, bàálù Ogun Àgbáyé Kejì, nítorí Christopher, ẹ̀gbọ́n wọn tó kú sógun náà ní 1944. Ẹ́ńjìnnì mẹ́rin! Owó ńlá ni kó tó lè fò. Wọn ò dúró dè é. Wọ́n tún ẹ́ńjìnnì ṣe, bàálù ń rìn nílẹ̀ bíi mọ́tò, èèyàn ń sanwó gùn ún. Nígbà òtútù, wọ́n á tún tú apá kan tún ṣe, kó lè fò lọ́jọ́ kan. Ó pẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọgbọ́n oníṣòwò nìyẹn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tì de owó báńkì, ṣé kò lè tẹ káàdì ìgbéyàwó ná?