Ẹsẹ̀ Ló Ṣiṣẹ́, Ike Oògùn Ló Gba Ìyìn

Àwọn tí ń ta hóró oògùn tí a ń pè ní complément alimentaire ti gbọ́n ju ti àtijọ́ lọ. Wọn kò sọ mọ́ pé hóró nìkan ni yóò tún ọkàn ṣe. Ohun tí wọ́n ń wí báyìí ni pé: "Ẹ máa lo èyí, kí ẹ sì máa rìn ní àràárọ̀." Nígbà tí oṣù mẹ́ta bá pé, tí ara ẹni tó rà á fúyẹ́, tí ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ sì wálẹ̀ díẹ̀, ike oògùn ni yóò gba ìyìn. Ẹsẹ̀ tí ó rin ìrìn náà kò gba nǹkan kan. Ẹ̀tàn ni mo pe èyí.

Agbára ìrìn kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun. Ní ọdún 1953, dókítà Jeremy Morris àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde lórí àwọn òṣìṣẹ́ bọ́ọ̀sì alájà méjì ní Lọ́ńdọ̀nù. Awakọ̀ a jókòó. Ẹni tí ń já tíkẹ́ẹ̀tì a máa gun àtẹ̀gùn, a sì máa sọ̀kalẹ̀. Ọkọ̀ kan náà, ọ̀nà kan náà, síbẹ̀ àìsàn ọkàn pọ̀ lára awakọ̀ ju ti ẹnìkejì rẹ̀ lọ. Kí àwọn zémidjan wa ní Àjàṣẹ́ ro èyí wò, àti àwa náà tí a kò lè dé ọjà mọ́ láìpè wọ́n.

Hóró ńkọ́? Wọ́n ti dán an wò. Ní Amẹ́ríkà, ìwádìí tí a ń pè ní VITAL kó ènìyàn 25,871 jọ, ó sì lé ní ọdún márùn-ún tí wọ́n fi ń tọ́jú àkọsílẹ̀ wọn. Nígbà tí èsì jáde ní 2018, òróró ẹja kò dín àpapọ̀ àwọn ewu ńlá ọkàn kù lọ́nà tó ṣe é gbára lé, fítámì D náà kò sì dín in kù. Èyí tó yani lẹ́nu jù wá láti Jámánì ní 2009. Michael Ristow àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú àwọn ọ̀dọ́kùnrin ṣe eré ìdárayá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Wọ́n fún apá kan ní fítámì C àti E lójoojúmọ́. Ara àwọn tí kò lo hóró bẹ̀rẹ̀ sí í lo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ dáadáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Lára àwọn tó lò ó, a kò rí àǹfààní náà. Àwọn ènìyàn náà kò pọ̀, n kò sì ní sọ pé èyí parí ẹjọ́; ṣùgbọ́n ẹni tí ń ta hóró gẹ́gẹ́ bí ọ̀rẹ́ eré ìdárayá yẹ kí ó mọ̀ ọ́n.

Òótọ́ ni pé dókítà a máa kọ irin àti folic acid fún aboyún. Ìyẹn jẹ́ ìtọ́jú, kì í ṣe ọjà títà ní ẹ̀gbẹ́ pápá.

Ohun tí ó bí mi nínú jù ni ti àwọn tí ń pa oògùn ilé ìwòsàn tì nítorí hóró yìí. Tension kì í pariwo. Ẹni tó ní i lè máa jẹun, kí ó máa rẹ́rìn-ín, títí ọjọ́ tí rọpárọsẹ̀ yóò fi gbé e ṣubú. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá: owó hóró ń jáde lápò, kúùbù mẹ́ta sì ń wọ inú ọbẹ̀ kan ṣoṣo, nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ àgbàlagbà má tó gíráàmù 5 lóòjọ́. Àjọ yìí kan náà ní kí a máa rìn kánkán fún ó kéré tán ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀. Ẹni tí ń lọ sóko ní Kétu tàbí ní Ṣábẹ̀ẹ́ ń ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì san kọ́bọ̀.

Nítorí náà, mo bẹ àwọn olórí ẹgbẹ́ wa: níbi ìrìn òwúrọ̀ tí a bá ṣètò, ẹ má ṣe fún oníṣòwò hóró ní tábìlì mọ́. Ẹ pe nọ́ọ̀sì kan pẹ̀lú ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru. Bí oníṣòwò bá bínú, kí ó mú ìwé ìwádìí wá, èyí tí wọ́n ti ya àwọn tó lo hóró tí wọ́n sì rìn sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tó kàn rìn. A ó kà á.