Ẹ Wá Tẹ Rìsíìtì Kí Ẹ Tó Tẹ Káàdì

Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni iṣẹ́ mi, Ṣómólú ni ṣọ́ọ̀bù mi sì wà. Ẹni tó mọ Èkó mọ̀ pé kò sí ìwé tí èèyàn ń wá tí wọn kì í tẹ̀ ní Ṣómólú: kàlẹ́ńdà, ìwé ìpè ìgbéyàwó, páálí oògùn, ìwé ètò ìsìnkú. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ tí àwọn ọ̀dọ́ ń dá sílẹ̀, iwájú wa ni wọ́n ti ń jókòó kí ayé tó gbọ́ orúkọ wọn. Mo máa ń fura sí èyí tí yóò pẹ́ nínú wọn. Ohun tí wọ́n bá kọ́kọ́ ní kí n tẹ̀ ló máa ń sọ fún mi.

Èyí tó pọ̀ jù, káàdì ni. Wọ́n á ní kí n fi bébà tó nípọn ṣe é, kí orúkọ wọn máa dán bíi wúrà, kí n sì kọ “CEO” sábẹ́ rẹ̀. Mo bi ọ̀kan pé oníbàárà mélòó ló ti ní. Ó ní, “Mọ̀mí, wọ́n ń bọ̀.” Káàdì 500 ló fẹ́! Mo gba owó mi, mo tẹ̀ ẹ́; ọlọ́jà kì í lé oníbàárà. Ṣùgbọ́n ká ní ọmọ mi ni, ìwé rìsíìtì ni ǹ bá kọ́kọ́ tẹ̀ fún un, èyí tó ní nọ́ńbà, tó sì ní ẹ̀dà lábẹ́. Ta ló ra ọjà? Kí ló rà? Èló ló san, èló ló kù? Ọmọ tó bá ń kọ ìyẹn sílẹ̀ fún oṣù mẹ́fà láìfo nọ́ńbà kan yóò mọ̀ bóyá òwò rẹ̀ ń jèrè tàbí ó kàn ń yí owó lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ “CEO” tí mo tẹ káàdì fún kò mọ ìyẹn.

Ẹ lè ní fóònù ti gba iṣẹ́ rìsíìtì ṣe. Ẹ fi fóònù ṣe é nígbà náà, mi ò ní bínú. Kí àkọsílẹ̀ ṣáà wà, kí owó ilé-iṣẹ́ má sì bá owó oúnjẹ yín gbé inú àkántì kan náà.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ kọ́ bí a ṣe ń gba àsansílẹ̀. Lọ́dọ̀ tèmi, a kì í gé bébà àfi bí ìdá 70 nínú 100 owó iṣẹ́ bá ti wọlé. Ojú máa ń ti àwọn ọ̀dọ́ láti béèrè rẹ̀, pàápàá lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ńlá. Ọmọkùnrin kan tó ń rán aṣọ iṣẹ́ ní àdúgbò wa rí iṣẹ́ gbà lọ́dọ̀ irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, inú rẹ̀ dùn, ó pín ohun mímu fún wa. Wọ́n ní oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tó bá kó ọjà dé ni àwọn yóò sanwó. Ó lọ yá owó aṣọ lórí fóònù, lọ́wọ́ àwọn tí wọn kì í béèrè onídùúró. Nígbà tí ọjọ́ pé tí owó ò tíì jáde, wọ́n fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ wà lórí fóònù rẹ̀ pé onígbèsè ni. Èmi náà rí i gbà. Ilé-iṣẹ́ ńlá yẹn padà sanwó o, ṣùgbọ́n èlé ti jẹ èrè tán kó tó dé. Ẹ má sì rò pé báǹkì rọjú jùyẹn lọ: ní oṣù Kọkànlá 2024, Báǹkì Àpapọ̀ gbé èlé ìpìlẹ̀ dé ìdá 27.5 nínú 100, orí ìyẹn ni báǹkì sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka tirẹ̀ nígbà náà. Owó tí kò léèlé jù lọ ni àsansílẹ̀ oníbàárà.

Iye tí ẹ bá dá fún èèyàn náà, ẹ fi ọjọ́ sí i. Láti oṣù Kẹfà 2023 tí ìjọba ti jọ̀wọ́ náírà sílẹ̀ sọ́wọ́ ọjà ni mo ti ń kọ ọ́ sísàlẹ̀ ìwé pé iye yìí kò kọjá ọjọ́ méje, nítorí òkè òkun ni bébà wa ti ń wá. (Ilé-iṣẹ́ bébà tí wọ́n kọ́ sí Ìwópin ní ìpínlẹ̀ Ògùn ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká fìyẹn sílẹ̀ lónìí.)

Ọ̀rọ̀ alájọṣe ló le jù. Ọ̀rẹ́ méjì á jọ wá, wọ́n á pín ilé-iṣẹ́ ní ìdajì-ìdajì, wọn ò ní kọ nǹkan kan sílẹ̀, torí wọ́n jọ gbé yàrá kan ní yunifásítì. Tó bá di ọdún kejì, ọ̀kan á ti jápa lọ sí Kánádà. Ìdajì ilé-iṣẹ́ ṣì wà lórúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, ẹni tó kù nílé ló ń ra epo sí jẹnẹrétọ̀. Àwọn tó gbọ́n máa ń kọ ọ́ pé díẹ̀díẹ̀ ni ìpín yóò máa di tẹni fún ọdún mẹ́rin, ẹni tó bá sì lọ kó tó pé ọdún kan kò ní mú nǹkan kan dání. Bí ọmọ iṣẹ́ tó sá lọ kó tó ṣe fírídọ̀ọ̀mù ni: ta ni yóò fún un ní ìwé ẹ̀rí? Ẹ kọ ẹni tó lè fọwọ́ sí owó ní báǹkì náà sílẹ̀. Lọ́yà yóò gbowó, àmọ́ èyí tí yóò gbà lónìí kò tó èyí tí yóò gbà tọ́rọ̀ bá dé kóòtù. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò pọn dandan kí ẹ ní alájọṣe. Tẹ́lẹ̀, òfin ní kó pé méjì. Láti 2020 tí òfin ilé-iṣẹ́ tuntun, CAMA, ti dé, ẹnì kan ṣoṣo lè dá límítẹ́ẹ̀dì sílẹ̀.

Bí ó bá sì jẹ́ orúkọ òwò lásán ni ẹ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ẹ rántí pé gbèsè òwò náà, gbèsè yín ni. Ọdọọdún ni ẹ gbọ́dọ̀ fi ìwé ránṣẹ́ sí CAC, ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà kò sì gbọdọ̀ kọjá. Ẹ kọ ọ́ sára kàlẹ́ńdà yín.